Òwú Pupa Mẹ́ta Nínú Ṣòkòtò Ọkọ Ìyàwó

Mo-Ti-Débẹ̀ sọ pé òun lòun gbé ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sórí òrùlé ilé ìfowópamọ́ lọ́jọ́ kan tí awakọ̀ dákú lókè. Ó ní ọwọ́ òsì lòun fi wà á, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún òun wà nínú abọ́ oúnjẹ, òun ò sì lè tìtorí igba ènìyàn jẹ́ kí ọbẹ̀ òun tutù. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ náà balẹ̀, àwo kan ṣoṣo ò fọ́, ọmọ ọwọ́ tó ń sùn nínú rẹ̀ ò tilẹ̀ yíra padà. Ohun kan péré tó bàjẹ́ ni bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀wù òun. Bọ́tìnnì yẹn ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló rẹ́rìn-ín. Bàbá Aránṣọ, tó fi ọgbọ̀n ọdún yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, Aránṣọ fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lórí aṣọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde. Bó ṣe ń rán bọ́tìnnì náà ló ń wo ọwọ́ òsì ọkùnrin yìí, tó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ tó gba igba ẹ̀mí là nìyí."

Bí ọkùnrin náà ṣe gba orúkọ kò ṣòro. Dárúkọ ibikíbi fún un, ìbáà ṣe ìsàlẹ̀ òkun, ìbáà ṣe ẹ̀yìn òṣùpá, "Mo ti débẹ̀" ni yóò fi dá ọ lóhùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún padà wá, bọ́tìnnì méjì ló já. Lọ́sẹ̀ kẹta, mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò sí bọ́tìnnì kankan mọ́ lára gbogbo ẹ̀wù rẹ̀, ìfẹ́ sì ti wọlé ó ti jókòó.

"Ọmọ mi," Bàbá rẹ̀ sọ fún un, "ọkùnrin yìí ń fi eyín já bọ́tìnnì. Mo rí ojú eyín lára òwú."

"Bàbá mi, ẹ ò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé ibi gbogbo, ibo ló kù tó fẹ́ jókòó sí? Gbogbo ọdún tí mo fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ẹni tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń pariwo jù nínú ọkọ̀."

Màmá Akọrin, tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló ṣe alárinà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá bẹ Bàbá. Ó ní ọkùnrin náà ń kọrin bí áńgẹ́lì, àti pé irọ́ díẹ̀díẹ̀ ò pa ọkùnrin. Bàbá ní kò pa ọkùnrin lóòótọ́, obìnrin ló ń pa. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọmọ òun ò jẹun mọ́, ó ní òun ti gbọ́, kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ojú òun ṣáà wà níbẹ̀.

Aránṣọ bá rán ṣòkòtò kan fún olólùfẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ eérú, tí ìlà ojú rẹ̀ gún débi pé eèrà lè tọ̀ ọ́ láì ṣìnà. Àṣà iṣẹ́ kan sì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì. Aṣọ yòówù kó rán, tó bá ti parí rẹ̀ tán pátápátá, á yí inú rẹ̀ síta, á fi òwú pupa gun ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta síbi kọ́lọ́fín: ọ̀kan fún Baba, ọ̀kan fún Ọmọ, ọ̀kan fún Ẹ̀mí Mímọ́. Kì í sọ ọ́ fún oníbàárà. Ó ní àdúrà ni, kì í ṣe pátákó ìpolówó. Lọ́jọ́ tó rán ṣòkòtò yẹn, àdúrà ọ̀hún gùn tó bẹ́ẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù fi tutù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mo-Ti-Débẹ̀ wọlé pẹ̀lú ojú ẹni tí ayé ń dù. Ó ní iléeṣẹ́ ńlá kan lókè òkun ti ránṣẹ́ sí òun, wọ́n ní bí òun ò bá wá, àwọn ò ní ṣílẹ̀kùn mọ́.

"Oṣù mẹ́ta péré," ló wí. "Tí mo bá dé, ìgbéyàwó ló kàn. Ṣé wàá dúró dè mí?"

"Màá dúró."

"Má ka ọjọ́ o. Ọjọ́ téèyàn bá ń kà máa ń gùn sí i."

Bàbá, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè. "Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?" ló bi í.

Mo-Ti-Débẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní irú àwọn òun kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi ojú dá àwọn mọ̀ ni. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta di ọdún kan. Lẹ́tà méjì dé lọ́dún náà, ẹnì kan tó ń kọjá ló fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn wọn, wíwúkọ́ pàápàá Aránṣọ ò gbọ́ mọ́. Ó fojú sọ́nà títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sójú ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó kọjá lókè tí kò gbàdúrà fún. Ó tó ọkọ̀ òfurufú ẹgbàá mẹ́wàá tó gúnlẹ̀ láyọ̀ nítorí rẹ̀, tí àwọn tó wà nínú wọn ò sì mọ̀ pé obìnrin kan ló fi orúnkún gbé àwọn dúró. Lọ́dún kẹta, onílé ta ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà, Aránṣọ sì kó lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá, lódì kejì ìlú. Ó kan pátákó mọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́, ó kọ àdírẹ́sì tuntun sí i. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ń ṣí, á padà lọ tún un kùn, kí ẹni tó bá ti òkèèrè dé má baà ṣìnà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, bí olùṣọ́àgùntàn bá ti gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ sùúrù, Aránṣọ á máa wo bàtà ara rẹ̀. Ó ń sọ fún Ọlọ́run pé, "Mo ń dúró o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ló wà ní ibùdókọ̀ yìí."

Kò sì nìkan wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ń bẹ tí gbogbo àwọn aránṣọ ń pè ní Bọ̀dá Elépo, nítorí pé agolo epo máṣíìnì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ló ń wá tú máṣíìnì Aránṣọ, tó ń nù ún, tó ń tò ó padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ lóṣù kan kò lè kún ṣíbí. Lọ́dún kẹrin, Màmá Akọrin wá bá Aránṣọ, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Èmi ni mo ṣe alárinà àkọ́kọ́, ojú ń tì mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Elépo rán mi. Ó ní tí o bá ní kí òun wá, òun á wá. Tí o ò bá ní kí òun wá, òun á ṣì máa wá tún máṣíìnì ṣe."

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń dúró de ẹnì kan."

"Mo ti sọ ọ́ fún un kí n tó wá. Ó ní kò burú, òun náà ń dúró."

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán Túsìdé kan lọ́dún karùn-ún. Nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn iwájú ọ̀hún, ọmọ dáadáa tí Aránṣọ ti máa ń bá rán aṣọ iṣẹ́, wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

"Àǹtí mi, mo fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ máa rán aṣọ mi, ẹ sì máa bá mi rán ṣòkòtò ọkọ mi. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè, mo gbé èyí tó fẹ́ràn jù wá kí ẹ fi wọn tuntun."

"Olúwa á fi òróró sí i. Irú ẹni wo ni ọkọ wa?"

"Hàà, Àǹtí. Eyín ló wá yọ lọ́dọ̀ wa lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó ti rìn láyé ju afẹ́fẹ́ lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó fìgbà kan gbé ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì…"

"…sórí òrùlé ilé ìfowópamọ́," ni Aránṣọ bá a parí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti wọ ìka rẹ̀, kò sì mọ̀.

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ nínú ìròyìn?"

"Mo gbọ́ ọ." Ó rọra gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. "Ìgbà wo ni wọ́n ti òkè òkun dé?"

"Ìyẹn ti pẹ́ o, ó ní ìgbà ọ̀dọ́ òun ni. Ó pé ọdún mẹ́fà tó ti wà ní iléeṣẹ́ yìnyín, níkọjá afárá níbẹ̀ yẹn. Ọ̀gá wọn ní kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan rí."

Níkọjá afárá. Béèyàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tó sín, wọ́n á kí i kú sísín nílé iṣẹ́ yìnyín. Gbogbo àdúrà tó gbà fún ọkọ̀ òfurufú, orí ọkùnrin tó ń gbé yìnyín ló ń fò kọjá.

Aránṣọ na ọwọ́ gba ṣòkòtò náà. Aláwọ̀ eérú ni. Ó yí ìgbànú rẹ̀ síta. Òwú pupa mẹ́ta.

"Ta ló rán èyí?" ló béèrè.

"Aránṣọ ọba kan lókè òkun. Ó ní ṣe ni bàbá náà ń sunkún bó ti ń rán an, pé òun ò rí irú itan bẹ́ẹ̀ rí."

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe lọ tán, Aránṣọ ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. Kò sunkún. Ó ní, "Olúwa, mo mọ̀ pé tìrẹ ni ẹ̀san. Mi ò bá ọ du oyè. Ṣùgbọ́n tó o bá ń wá ẹni tí yóò bá ọ mú abẹ́rẹ́ dání, ìránṣẹ́bìnrin rẹ nìyí."

Ọgbọ́n sì sọ sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, ọgbọ́n tó gbóná bí ojú áyọ́ọ̀nù. Àwọn aránṣọ ní irú rírán kan tí wọ́n ń pè ní tákì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, ojú abẹ́rẹ́ gbọọrọ gbọọrọ, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á fi so aṣọ pọ̀ kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọn á tó fi máṣíìnì rán an. Aṣọ tí tákì nìkan bá wà lára rẹ̀ máa ń dára lójú. Má kàn kúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibo ni ọkọ ìyàwó ti ń kúnlẹ̀ bí kò ṣe níwájú pẹpẹ, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wo ìdí rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń tákì, ó sì ń kọrin. Ó na tákì náà débi tó gùn dé, ó fi áyọ́ọ̀nù bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú má tó o. Lójú inú rẹ̀, ó rí Mo-Ti-Débẹ̀ tó kúnlẹ̀, ó gbọ́ *fààà*, ó rí àwọn akọrin tí orin há sí lọ́fun. Ó rí i lẹ́ẹ̀kan, ó dùn mọ́ ọn. Ó tún un rí nígbà igba, adùn rẹ̀ ò dín. Àwọn aládùúgbò rò pé ọkọ rẹ̀ ti dé ni.

Sátidé àkọ́kọ́ wá pé. Bọ̀dá Elépo tú máṣíìnì, ó wo inú rẹ̀, ó wo ṣòkòtò tó wà lórí tábìlì.

"Àǹtí," ló wí, "máṣíìnì yìí ò fojú kan ṣòkòtò yẹn. Tákì nìkan ni."

"Ẹ ṣe mọ̀?"

"Ọdún márùn-ún ni mo ti ń wo ọwọ́ yín."

Ni gbogbo rẹ̀ bá tú jáde lẹ́nu Aránṣọ: ọkọ̀ òfurufú, pátákó, yìnyín, pẹpẹ. Bọ̀dá Elépo gbọ́ ọ tán, ó kán epo méjì sínú máṣíìnì.

"Tí ṣòkòtò bá já níwájú pẹpẹ," ló béèrè, "ta ni yóò kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Aránṣọ wo ṣòkòtò náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì."

"Ṣé òun ló ní kí ẹ dúró?"

"Ẹ fẹ́ kí n dárí jì í, àbí?" Ohùn rẹ̀ mú bí àlùmọ́gàjí. "Ẹ wá wàásù fún mi ni."

"Mi ò wàásù. Ó ti wu èmi náà kí n lù ú láti ọdún kẹta, mi ò kàn mọ ilé ẹ̀ ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní kí ẹ dúró díẹ̀ ni. Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà bí Aránṣọ nínú dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ lórí ibi tó ti kúnlẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Ó fẹ́ ka ẹjọ́ ọdún náà sí Ọlọ́run létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi bó ṣe rántí aṣọ funfun Nọ́ọ̀sì tó kọ́ sára ògiri ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wá yé e, bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní Mo-Ti-Débẹ̀ ò purọ́ òkè òkun, ká ní oṣù mẹ́ta pé tó sì padà, òun ni ì bá wọ funfun yẹn. Òun ni ì bá wà nílé rẹ̀ báyìí, tí yóò máa jẹ irọ́ láàárọ̀, tí yóò máa fi irọ́ bora. Òun ti ń pe ọdún márùn-ún ní ẹ̀wọ̀n, kò mọ̀ pé ògiri ni, tí Ọlọ́run mọ sáàárín òun àti kòtò, bíríkì kan lóṣù kan. Àti pé ní gbogbo Sátidé tó ń fojú wá òkèèrè, ẹnì kan wà lábẹ́ máṣíìnì òun.

Ó sunkún wàyí. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò dá mi lóhùn," ló wí. "Ẹ ṣeun fún gbogbo ọjọ́ tí kò dé." Ó nu imú. "Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi o, Olúwa. Mo gbé abẹ́rẹ́ náà lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, gún un jinlẹ̀."

Lẹ́yìn ìsìn, ó pe Màmá Akọrin sẹ́yìn dùùrù. "Ẹ sọ fún Bọ̀dá Elépo pé kí wọ́n má dúró mọ́."

Màmá gbá dùùrù mú. "Ọmọ mi, kí ló ṣe?"

"Kí wọ́n wá rí Bàbá mi ni mo wí."

Bàbá kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Bọ̀dá Elépo. Ó ní ẹni tó ti dúró nínú ọkọ̀ fún ọdún márùn-ún láì jókòó ti san owó rẹ̀.

Aránṣọ wá ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì pé kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá wọ ṣòkòtò wò ní Tọ́sìdé. Kò fi máṣíìnì kàn án. Wíwò ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó, tákì sì ni aṣọ wíwò. Kò sí aránṣọ láyé tó lè dá a lẹ́bi.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdé, Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìròyìn bo ojú rẹ̀. Bọ̀dá Elépo wà nílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì. Aránṣọ dúró sẹ́yìn aṣọ funfun tó ta sórí okùn, bàtà rẹ̀ nìkan ló hàn. Mo-Ti-Débẹ̀ wọlé tẹ̀lé Nọ́ọ̀sì, fóònù létí. "Ààrẹ, ẹ fara balẹ̀, màá pè yín padà," ló ń sọ. Irú wọn kì í wo ojú aránṣọ. Ó gba ṣòkòtò tuntun, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ.

"Ọ̀gá," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn aṣọ funfun, "ẹ má sáré nínú rẹ̀ o. Tákì ni."

"Èmi? Ẹkùn ló máa ń sá fún mi. Mi ò sáré rí láyé mi."

"Wọ́n ní aránṣọ ọba ló rán ti àtijọ́."

"Ó rán an, ó sunkún. Ó tó ọgbọ̀n ẹ̀ṣọ́ tó dúró tì í."

"Òwú pupa mẹ́ta wà nínú ìgbànú rẹ̀. Kí ni ọba ní ó túmọ̀ sí?"

Ó wúkọ́ díẹ̀, ikọ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú odò. "Òkun mẹ́ta tí mo sọdá ni. Ọba nìkan ló lè fi í síni láṣọ."

Bàbá ká ìwé ìròyìn. Ó dìde, ó yí ìgbànú ṣòkòtò ara rẹ̀ síta: òwú pupa mẹ́ta. Bọ̀dá Elépo yọ lábẹ́ máṣíìnì, ó yí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ síta: mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó wá rọra yí etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ síta. Mẹ́ta.

"Ẹ jáde wá, ọ̀gá," Aránṣọ wí. "Ẹ ti débẹ̀."

Mo-Ti-Débẹ̀ fa aṣọ ìkélé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ jáde láti ẹ̀yìn aṣọ funfun, téèpù lọ́rùn. Ẹ̀rín náà kú sẹ́nu ọkùnrin náà, kò tilẹ̀ ráyè bọ́ sílẹ̀.

"O ní kí n dúró," ló sọ fún un. "Mo dúró. Mo wá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni. Bí kì í bá ṣe irọ́ rẹ, ǹ bá ti fẹ́ ọ. Bọ̀dá tó ń nu ọwọ́ níbẹ̀ yẹn ni mo máa fẹ́. Ọdún márùn-ún lòun náà fi dúró, kò sì parọ́ ẹyọ kan fún mi, ìbáà ṣe nípa òjò."

"Mò ń bọ̀ ni," Mo-Ti-Débẹ̀ wí. "Mo ti wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ òfurufú ló…"

"Èwo nínú wọn?" Nọ́ọ̀sì béèrè. Ohùn tó fi ń sọ fún aláìsàn pé abẹ́rẹ́ ò ní dùn ún ló fi sọ ọ́. "Èyí tó wà lórí òrùlé, àbí èyí tó wà níkọjá afárá?" Ó bọ́ òrùka ìka rẹ̀, ó rọra gbé e sórí máṣíìnì.

Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó na àtẹ́lẹwọ́.

"Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?" ló wí.

Ọkùnrin tí ẹkùn ń sá fún wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó bẹ́ gba abẹ́ apá Bàbá. Tákì mú un dé àtẹ̀gùn. Lórí àtẹ̀gùn, ó sọ pé *fààà*, ohùn kan náà tí Aránṣọ ti gbọ́ nígbà igba lójú inú rẹ̀, ó sì tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò kù sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì bá a dé iwájú ilé ìwòsàn, ìgbànú nìkan ló tẹ̀lé e kọjá níwájú àwọn aláìsàn tó ń gba afẹ́fẹ́. Wọ́n ní mẹ́ta nínú wọn gbádùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà afárá ló dorí kọ, ó ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tó gba igba ènìyàn là, bo ìdí lọ.